Eérú Aláró àti Ilẹ̀ Oko: Apá Kan nínú Ìtàn Iṣẹ́ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Nígbà tí a bá ń kọ ìtàn Ẹ̀gbá, ohun tí ó sábà máa ń gba ojú ìwé wa ni ogun, oyè jíjẹ, ìjọ Ọlọ́run àti òwò òkun. A mọ̀ pé ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ. A mọ Ṣódẹkẹ́ tí ó ṣáájú wọn. A mọ̀ pé ogun Dàhòmì dé ẹnu odi ìlú ní 1851, ó sì tún dé ní 1864. Gbogbo ìwọ̀nyí yẹ ní kíkọ, kí a má bàa gbàgbé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú gbogbo ilé ìdáná, ní gbogbo oko, àti ní ibi gbogbo tí àwọn aláró gbé ń ṣiṣẹ́, tí ó ṣọ̀wọ́n kí òpìtàn tó yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun náà ni eérú.

Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, eérú jẹ́ àmì ohun tí ó ti parí, ohun tí a ń gbá dànù ní òwúrọ̀. Síbẹ̀, àwọn baba wa ní òwe kan tí kò fara mọ́ èrò yìí. Wọ́n ní: bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wo òwe náà. Ibi tí ó fi ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ni ó fi eérú sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Kò pe eérú ní ìdọ̀tí rárá. Àrólé ni ó pè é.

Àbá tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú àròkọ yìí ni pé òótọ́ pọ́ńbélé ni òwe yìí sọ. Ọrọ̀ ilẹ̀ ni eérú jẹ́, láti oko ni a sì ti ń gbé e wá sí ìlú. Iṣẹ́ aró àti iṣẹ́ ọṣẹ ni ó sọ ọ́ di ọjà ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí sódà òyìnbó dé, eérú pàdánù iye rẹ̀, ó sì di ohun àdànù. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fi hàn láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn pé inú ohun àdànù yìí gan-an ni púpọ̀ nínú àwọn èròjà tín-ín-tín tí irúgbìn kò lè ṣe aláìní kù sí. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ó yẹ kí a mọ bí eérú ṣe kúrò ní oko, kí a tó lè mọ bí yóò ṣe padà síbẹ̀, àti irú eérú tí kò gbọdọ̀ débẹ̀ láéláé.

I. Oko àti eérú rẹ̀

Owódé tí mo ń tọ́ka sí kì í ṣe Owódé ti Yewa, kì í sì í ṣe ti ẹ̀bá Ẹdẹ. Owódé Ẹ̀gbá ni, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọ̀fàdà, tí ìrẹsì rẹ̀ ti sọ orúkọ ìlú náà di mímọ̀ káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà, wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà. Ẹni tí ó bá mọ ìṣe Ẹ̀gbá mọ̀ pé ilé baba ẹni wà ní Abẹ́òkúta, oko baba ẹni sì wà ní abúlé. Ìlú àti oko kò fi ara wọn sílẹ̀. Ohun tí oko bá mú jáde, ìlú ni ó ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ìlú gbà lọ́wọ́ ilẹ̀, irú agbègbè Owódé ni kí ó lọ wò.

Kí ajílẹ̀ inú àpò tó dé, ọ̀nà kan pàtàkì tí àgbẹ̀ fi ń bọ́ ilẹ̀ ni iná. Yóò ṣán igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò jẹ́ kí ó gbẹ, yóò sì dáná sun ún kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Inú eérú yìí ni ó ń gbin àgbàdo àti iṣu sí. Bí ó bá di ọdún kejì tàbí ìkẹta, ilẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, àgbẹ̀ a sì fi í sílẹ̀ kí ó tún di igbó. Àwọn òyìnbó kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí ìṣe yìí pè é ní ìwà ìfiṣòfò. Wọn kò rò ó dé ìdí. Gbòǹgbò igi máa ń wọlẹ̀ jinlẹ̀ ju ti àgbàdo lọ. Ohun tí òjò ti fọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, gbòǹgbò igi ni ó ń fà á padà sókè sínú ewé àti ẹ̀ka. Nígbà tí iná bá jó igi náà, nitrogen inú rẹ̀ a bá èéfín lọ, ṣùgbọ́n ohun tí igi fà láti inú ilẹ̀ a kù sórí ilẹ̀ ní àwọ̀ eérú. Ìfowópamọ́ ni igbó jẹ́. Ọjọ́ tí a bá sun ún ni a ń gba owó náà.

Eérú tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Òjò púpọ̀ a máa sọ ilẹ̀ oníyanrìn di kíkan, ọ̀pọ̀ irúgbìn kò sì fẹ́ ilẹ̀ tí ó kan. Eérú ni ó ń pa kíkan náà, gẹ́gẹ́ bí ẹfun ti ń ṣe.

Ẹ̀yìnkùlé ni ibi kejì tí eérú ń gbà padà sínú ilẹ̀. Orí ààtàn ni a ń da eérú ilé ìdáná sí, pẹ̀lú èèpo iṣu, egungun ẹran àti ewé ẹ̀kọ. Ta ni kò mọ̀ pé orí ààtàn àtijọ́ ni tẹ̀tẹ̀ àti ìbẹ́pẹ ti máa ń ṣe dáadáa jù? Ní 2016, àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n ṣe ìwádìí ní Liberia àti Ghana tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n rí i pé ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá tí ó yí àwọn ìletò àtijọ́ ká kì í ṣe àdámọ́. Ọwọ́ ènìyàn ni ó dá a, pàápàá ọwọ́ àwọn obìnrin, láti inú eérú, èédú àti pàǹtí ilé ìdáná. Ohun tí ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu yìí, Yorùbá ti ní orúkọ fún irú rẹ̀ tipẹ́: ilẹ̀dú ni.

II. Eérú di ọjà

Ní Abẹ́òkúta, eérú kò dúró sórí ààtàn. Aró ni ó gbé e níyì.

Ewé èlú ni a fi ń ṣe aró, ṣùgbọ́n èlú nìkan kò tó. Àwọ̀ tí ó wà nínú ewé yìí kì í yọ́ nínú omi lásán. Ó di ìgbà tí èlú bá jẹrà nínú omi eérú kí aró tó lè wọ inú òwú. Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn aláró mọ̀ pé bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde láti inú ìkòkò, ó máa ń rí bí àwọ̀ ewé. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di dúdú. Bí omi eérú kò bá lágbára, aró kò ní mú. Bí ó bá sì lágbára jù, ó lè ba òwú jẹ́. Nítorí náà, ọ̀gá aláró gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá eérú pẹ̀lú.

Àwọn obìnrin yìí kì í kàn án bu eérú láti ìdí ààrò. Wọ́n ń yan irú igi tí wọn yóò sun. Wọ́n ń fi omi po eérú rẹ̀, wọ́n ń ṣù ú ní ìṣù-ìṣù, wọ́n sì ń tún un sun nínú iná líle. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń kó o sínú ìkòkò tí a dá ihò sí ní ìdí, tí a gbé ka orí ìkòkò mìíràn. Omi tí a bá dà sí ti òkè ń kán sínú ti ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gbé agbára eérú lọ. Bí a bá ń wá ilé-iṣẹ́ tí ń mú eérú jáde nínú ìtàn wa, kí a má ṣe wò jìnnà: àwọn ìkòkò méjì yìí ni.

Àwọn ọlọ́ṣẹ náà ní ìpín tiwọn. Eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ti ìdì ẹyìn tí a ti gba ẹyìn lára rẹ̀, àti ti èèpo kókò lẹ́yìn tí kókò di ohun ọ̀gbìn pàtàkì, ni wọ́n ń pò mọ́ òróró láti fi ṣe ọṣẹ dúdú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún oko. Igi ti oko wá. Èèpo ti oko wá. A sun wọ́n, omi eérú wọn wọ inú ìkòkò aró tàbí inú ọṣẹ, ó sì parí sínú ojú àgbàrá ìlú. Bí òwò àdìrẹ ti ń gbòòrò sí i, tí àwọn oníṣòwò sì ń ti Gold Coast àti Senegal wá ra aṣọ ní àwọn ọdún 1920, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ń ti inú ilẹ̀ oko kúrò ń pọ̀ sí i. Ọlá Ìtòkú ní gbèsè kan lọ́rùn, oko ni ó sì jẹ ẹ́ sí.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ó yẹ kí onímọ̀ ilẹ̀ fiyè sí. Kì í ṣe ohun gbogbo tí ó wà nínú eérú ni ó ń bá omi lọ. Potassium ni ó ń yára yọ́ jù, òun ni aláró sì ń wá. Calcium, irin, manganese, síńkì àti bàbà kì í fẹ́ yọ́ nínú omi eérú; púpọ̀ nínú wọn ń kù sí ìdí ìkòkò òkè. Nítorí náà, ẹrẹ̀ eérú tí aláró ti lò tán, tí ojú ń wò bí ohun tí kò ní láárí mọ́, ni ó kún fún ohun tí àgbẹ̀ ń fẹ́ jù. Ohun tí aláró lò àti ohun tí àgbẹ̀ nílò kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Wọn ì bá ti pín in láìjà.

III. Bí sódà ṣe gba ipò eérú

Láàárín àwọn ọdún 1920, ohun méjì dé ọwọ́ àwọn aláró láti òkè òkun: sódà inú agolo, àti aró tí a fi kẹ́míkà ṣe. Sódà ń ṣe iṣẹ́ omi eérú láàárín àkókò kúkúrú. Kò gba igi, kò gba ààrò, kò gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí a fi ń sẹ́ omi eérú. Ọ̀pọ̀ aláró gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Nígbà tí ọjà kò dára mọ́ ní àwọn ọdún 1930, àròyé bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní aṣọ tí a fi sódà rẹ kì í pẹ́ ya, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í dúró. Aláké Ládàpọ̀ Adémọlá Kejì àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ fi òfin de lílo sódà àti aró kẹ́míkà. Àwọn aláró kò gbà. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, ní 1936 ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí ìjọba ní láti gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lé lórí. Òpìtàn Judith Byfield ti kọ odindi ìwé kan nípa àwọn obìnrin wọ̀nyí, èyí tí ó jáde ní 2002. Ó fi hàn nínú rẹ̀ pé ìjà yìí kọjá ọ̀rọ̀ kẹ́míkà: ìjà lórí ẹni tí ó ní àṣẹ lórí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin ni.

Ohun tí èmi fẹ́ fi kún un ni pé ìjà náà ní ẹnìkẹta tí a kò pè sí ìgbẹ́jọ́, ìyẹn ilẹ̀ oko. N kò sọ pé àwọn aláró ṣe àṣìṣe. Sódà gba ọ̀pọ̀ igi là, ó sì gba ọ̀pọ̀ obìnrin lọ́wọ́ ooru ààrò. Ẹni tí kò ru igi rí ni yóò ní kí wọ́n máa ru ú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí sódà borí, eérú kò ní olùrà tí ó mọ iyì rẹ̀ mọ́. Ìmọ̀ irú igi tí eérú rẹ̀ dára, ti bí a ti ń sun ún, ti bí a ti ń dá eérú líle mọ̀ yàtọ̀ sí eérú lásán, bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn àgbà obìnrin lọ sí ibojì. Ibi tí ìmọ̀ náà ti ń dín kù ní Abẹ́òkúta ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní òkè òkun gbé ń wádìí ohun tí ó wà nínú eérú gan-an.

IV. Ohun tí a bá nínú eérú

Orúkọ fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní *potash*, eérú inú ìkòkò ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé bí àwọn baba wọn náà ti ń sẹ́ omi eérú, inú ìkòkò ni wọ́n ti ń sè é gbẹ. Ọ̀rọ̀ *alkali* sì wá láti inú èdè Lárúbáwá, eérú ewéko kan tí ó ń hù lẹ́bàá òkun ni ó ń tọ́ka sí. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ lórí ohun tuntun tí ó hùmọ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù keje 1790, ọ̀nà tuntun láti fi ṣe eérú yìí ni Samuel Hopkins gba àṣẹ náà lé lórí. Humphry Davy fi agbára iná mànàmáná yọ potassium jáde láti inú rẹ̀ ní 1807. Ó hàn gbangba pé iṣẹ́ aláró Ìtòkú àti ìpìlẹ̀ ìmọ̀ kẹ́míkà òyìnbó, orí ààrò kan náà ni wọ́n ti jí dìde.

Ní 1804, Nicolas-Théodore de Saussure ará Geneva fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé inú ilẹ̀ ni ohun tí ń di eérú nínú igi ti wá. Justus von Liebig ará Jámánì gbé ìmọ̀ yìí síwájú nínú ìwé rẹ̀ ti 1840, ó sì kọ́ ayé pé èròjà tí ó bá kéré jù nínú ilẹ̀ ni yóò dá irúgbìn dúró, bí ìyókù tilẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e gbájú mọ́ èròjà ńlá mẹ́ta, nitrogen, phosphorus àti potassium, àwọn ni a sì ń kó sínú àpò ajílẹ̀ títí di òní.

Ṣùgbọ́n eérú ṣì ní ohun tí kò tíì sọ. Ní 1923, Katherine Warington, obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé ẹ̀wà kò lè dàgbà bí kò bá rí boron, bí ó ti wù kí ohun tí ó ń gbà kéré tó. Ní 1926, A. L. Sommer àti C. B. Lipman ṣe irú ìfihàn bẹ́ẹ̀ nípa síńkì. Ó kan bàbà ní 1931, ó kan molybdenum ní 1939, ó kan chlorine ní 1954, ó sì kan nickel ní 1987. Irin àti manganese ti wà nínú àkọsílẹ̀ ṣáájú. Ìwọ̀n molybdenum tí irè oko hẹ́kítà kan ń gbà kò ju gíráàmù díẹ̀ lọ, ohun tí ènìyàn lè fi ìka méjì mú. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí i, ewé yóò ràn, ọkà kò sì ní yọ bí ó ti yẹ. Yorùbá ní abẹ́rẹ́ kò ṣeé gbé mì fún adìẹ. Kékeré rẹ̀ kọ́ ni a ń wò.

Kí èyí má bàa dà bí ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán, ẹ jẹ́ kí a mú ìrẹsì, oúnjẹ tí ó gbé orúkọ Ọ̀fàdà ga. Ní 1966, Y. L. Nene ní Pantnagar ní ilẹ̀ Íńdíà fi hàn pé àìsàn kan tí ó ń sọ ewé ìrẹsì di aláwọ̀ ìpẹtà, tí ó sì ń dá a dúró lórí ìdúró, kì í ṣe ti kòkòrò. Síńkì ni kò tó nínú ilẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960 yìí kan náà, Ananda Prasad, oníṣègùn, ń fi hàn láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ní Iran àti Íjíbítì pé ọmọ tí kò bá rí síńkì tó nínú oúnjẹ rẹ̀ kì í dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Àìtó tí ó wà nínú ilẹ̀ ń gba inú ọkà wọ inú ọmọ. Bí ilẹ̀ Owódé bá ń fi ìrẹsì, ẹ̀gẹ́ àti ewébẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó lọ́dọọdún, tí ohun tí a sì ń dá padà fún un kò ju èròjà mẹ́ta inú àpò lọ, kò sí ọgbọ́n tí gbèsè náà kò fi ní pọ̀.

V. Àwọn tí ó dá a padà, àti àwọn tí ó dà á nù

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti rí ọ̀nà láti dá ohun tí iná ilé-iṣẹ́ bá kù padà sí ilẹ̀. Nígbà tí Sidney Gilchrist Thomas àti ìbátan rẹ̀ Percy Gilchrist rí ọ̀nà láti yọ phosphorus kúrò nínú irin ní 1878, ìdàrọ́ tí ó ṣẹ́kù nínú iná irin wọn kún fún èròjà náà. Láti àwọn ọdún 1880 ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń tà á fún àgbẹ̀ ní Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdàrọ́ tí alágbẹ̀dẹ ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan di ajílẹ̀. Ní Sweden àti Finland, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fi igi dáná ń dá eérú wọn padà sínú igbó tí a ti gé igi náà, kí igi tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ohun tí èyí tí ó lọ gbé lọ. Àwọn àgbẹ̀ wa àtijọ́ ì bá mọ ọgbọ́n yìí lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Eérú èédú ilẹ̀, tí a ń sun láti fi ṣe iná mànàmáná, ní boron àti èròjà mìíràn tí irúgbìn ń fẹ́, ó sì lè ní òjé àti arsenic pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá 2008, odi tí ó dá irú eérú bẹ́ẹ̀ dúró ní Kingston, ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, wó. Ẹrẹ̀ eérú tí ó ju bílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù lọ ya bo ilẹ̀ àti odò. Ní ilé wa níbí, ní 2010, ó ju 400 ọmọ lọ tí òjé pa ní Zamfara, láti inú eruku òkúta wúrà tí àwọn òbí wọn ń lọ̀ nítòsí ilé. Eruku yẹn kì í ṣe eérú, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni ó kọ́ wa: ohun tí ó kúnná, tí ó sì ń bá afẹ́fẹ́ rìn, a gbọ́dọ̀ mọ baba tí ó bí i kí a tó gbà á sílé.

VI. Eérú tí ó wà ní àyíká wa

Irú eérú wo ni ó wà ní Owódé àti agbègbè rẹ̀ lónìí? Àkọ́kọ́ ni eérú igi, láti ibi tí a ti ń yan gàrí, láti ibi tí a ti ń se epo, àti láti ibi tí a ti ń bọ ìrẹsì Ọ̀fàdà kí a tó ṣẹ́ ẹ. Eérú gidi ni èyí, ti irú tí aláró mọ̀. Ó ní calcium àti potassium púpọ̀, ó sì ní àwọn èròjà tín-ín-tín. Ìkejì ni eérú èèpo ìrẹsì. Púpọ̀ nínú rẹ̀, tí ó sábà máa ń kọjá ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, jẹ́ silica, irú ohun tí ó wà nínú iyanrìn. Ó ń mú kí pòròpórò ìrẹsì le, ṣùgbọ́n kí a má retí pé yóò ṣe iṣẹ́ eérú igi. Ìkẹta ni eruku ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Láti 1960 ni èyí tí ó wà ní Ewékorò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí òkúta ẹfun ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Irú eruku bẹ́ẹ̀ ń pa kíkan ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gbé irin olóró dání, kò sì yẹ kí ó dé oko láìjẹ́ pé a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìkẹrin ni èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù jù: eérú táyà. Síńkì wà nínú táyà, nítorí pé ó wà nínú ohun tí a fi ń ṣe é. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ilẹ̀ ń fẹ́ síńkì lè lọ bu eérú ibi tí wọ́n ti ń fi táyà sun pọ̀nmọ́, kí ó máa dà á sídìí ẹ̀fọ́. Yóò rí síńkì lóòótọ́. Yóò rí òjé àti cadmium pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni eérú pákó tí a kùn lọ́dà tàbí tí a fi oògùn ikán tọ́jú, àti ti bátìrì. Ilé ìwòsàn ni irú eérú bẹ́ẹ̀ ń kó ènìyàn lọ.

Eérú rere pàápàá ní òfin tirẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ilẹ̀ tí ó kan tẹ́lẹ̀ yóò bọ́ sí òdìkejì, síńkì, irin àti manganese inú rẹ̀ yóò sì há mọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́, tí gbòǹgbò kò ní lè rí wọn gbà. Ohun tí a fi wá èròjà ni yóò wá fi èròjà pamọ́. A kì í po eérú pọ̀ mọ́ yùríà tàbí ìgbẹ́ adìẹ tútù, nítorí pé nitrogen wọn yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. A kì í sì í fi í sí ojú òjò, nítorí pé òjò yóò ṣe bí omi aláró ti ń ṣe, yóò gbé potassium lọ kó tó dé oko. Eérú kò ní nitrogen, nítorí náà kò lè gba ipò ajílẹ̀ mìíràn pátápátá, ìrànlọ́wọ́ ni.

Kì í ṣe pé a kò ní àwọn tí ó lè ṣe ìtọ́sọ́nà. Ọ̀jọ̀gbọ́n S. O. Ojeniyi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dán eérú igi àti eérú èèpo kókò wò lórí irúgbìn ilẹ̀ wa. Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1988 kò jìnnà sí Owódé. Ohun tí ó kù ni kí ìmọ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí àti ìmọ̀ ìdí ààrò pàdé ara wọn.

VII. Ìparí ọ̀rọ̀

Ohun mẹ́ta ni mo rí pé ìtàn yìí ń béèrè lọ́wọ́ wa. Èkínní kan Ẹgbẹ́ wa yìí gan-an. Àwọn àgbà aláró àti ọlọ́ṣẹ tí wọ́n ṣì mọ orúkọ igi, orúkọ ìkòkò, àti orúkọ oríṣi eérú kò pọ̀ mọ́. Àwa tí a ń kó oríkì àti ìtàn ogun jọ, ẹ jẹ́ kí a kó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn jọ pẹ̀lú, kí ó tó bọ́ sọnù. Ìwé kẹ́míkà tí a kò tẹ̀ ni wọ́n jẹ́.

Èkejì kan àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Kí wọ́n yẹ ilẹ̀ Owódé wò láti mọ èròjà tí kò tó nínú rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ eérú ilé gàrí àti ti ilé epo wò láti mọ ohun tí ó wà nínú wọn, kí àgbẹ̀ tó mọ ìwọ̀n tí yóò lò. Ọ̀rọ̀ àfojúdá kọ́ ni èyí.

Ẹ̀kẹta kan gbogbo ilé-iṣẹ́ tí ń dáná, ìbáà ṣe ńlá, ìbáà ṣe kékeré. Àwọn baba wa ní ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. A sábà máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún òṣìkà. Mo rò pé a lè gbọ́ ọ bí òfin iṣẹ́ pẹ̀lú: ẹni tí iná rẹ̀ bá mú eérú jáde ni kí ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, òun ni kí ó sì mọ ibi tí eérú náà ń lọ. Bí ó bá jẹ́ rere, kí ó padà sí oko tí igi rẹ̀ ti wá. Bí ó bá jẹ́ olóró, kí ó má ṣe dé ìdí ẹ̀fọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn aláró Abẹ́òkúta mọ eérú tí wọ́n ń lò láti orí igi dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kò sí ìdí tí ilé-iṣẹ́ òde òní fi yẹ kí ó mọ tirẹ̀ kéré sí bẹ́ẹ̀.